Abẹ́rẹ́ Màmá Wa àti Ọ̀ọ́dúnrún Ìka

Ìwé ètò ìsìnkú Màmá wa ní ojú ewé méjìlá, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sì fi wáyà gún un lẹ́yìn. Bí Màmá bá lè dìde wo ohun kan ṣoṣo kí a tó gbé wọn lọ sí ibojì, ẹ̀yìn ìwé yẹn ni wọn ì bá wò, wọn ì bá sì bi wá léèrè ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí Màmá fi ń di ìwé ní Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ilé ìgbé lọ. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń gán an. Wọn ò fi wáyà gún ìwé kankan rí.

Àṣìṣe méjì míì wà nínú ìwé ètò náà tó dùn mí ju ti wáyà lọ. Tíṣà ni mí. Mo ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n bíírò pupa ò tíì fẹ̀yìntì lọ́wọ́ mi. Lójú ewé kẹta, àbúrò mi kọ ọ́ pé Màmá kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Lójú ewé kẹrin, ó kọ ọ́ pé Màmá ni olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ tó jà nítorí ilé ìgbẹ̀bí tó wà láàárín Pedro àti Bàrígà nígbà kan. Àbúrò mi ò fẹ́ parọ́. Ohun tí a máa ń kọ nípa òkú ló kọ. Ṣùgbọ́n Màmá bá ènìyàn jà, wọn ò sì dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan tún un ṣe, èmi sì ni iṣẹ́ náà bá wí jù, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí yẹn kàn mí ju bí àbúrò mi ti mọ̀ lọ.

Ìyá ìyá mi ni Màmá. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá sí Èkó, pẹ̀lú ọkọ tó ń tẹ̀wé. Ọkọ yẹn kú, iṣẹ́ ìwé kù sí wọn lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n ní Ìyá Alábẹ́rẹ́. Òórùn góòmù àti ìda oyin ló wà lára wọn, nítorí ìda ni wọ́n fi ń pa òwú kó tó wọ abẹ́rẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ló gba ọwọ́ wọn kọjá. Wọn ò sì lè ka ẹyọ kan.

Nígbà tí mo wọ iléèwé àwọn olùkọ́ni, mo gbé ìwé tuntun kan wálé, mo fẹ́ fi yangàn. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọn ò wo èèpo rẹ̀. Wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n dúró lójú kan.

"Nǹkan ò pé níbí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣí i kí n lè fi hàn wọ́n pé ó pé. Ojú ewé mẹ́rin ni kò sí nínú rẹ̀. Màmá dá a padà fún mi bí ẹni tó ń dá ẹja tó ti rà padà fún ẹlẹ́ja. "Ìwọ lo máa kà á, Àjọkẹ́," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo máa mọ̀ bóyá ó pé."

Ẹni tí kò bá tíì wọ ṣẹ́ẹ̀dì ìdìwé rí lè má mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bí bébà bá ti ilé ìtẹ̀wé dé, òkìtì òkìtì la máa ń tò ó sí orí tábìlì gígùn kan, òkìtì ojú ewé kìn-ín-ní níwájú, ìkejì tẹ̀ lé e, títí yóò fi yí tábìlì po. Àwọn obìnrin á tò, wọ́n á máa rìn yí tábìlì, wọ́n á máa mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá yí i po tán, ìwé kan ti wà lọ́wọ́ rẹ. Wàá gbún un mọ́ tábìlì kí etí rẹ̀ dọ́gba, wàá gbé e sílẹ̀, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dúró. Bí o bá dúró, orúnkún ẹni ẹ̀yìn ni yóò sọ fún ọ pé kí o máa lọ.

Màmá ló máa ń ṣíwájú. Ẹni tó máa ń tẹ̀ lé wọn ni obìnrin kan tí màá pè ní Ìyá Sìkírá. Orúkọ wọn kọ́ nìyẹn. Mo pa á dà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀. Ìyá Sìkírá kéré sí Màmá ní bí ọdún mẹ́jọ, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, ẹnu wọn sì mú. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi rìn lẹ́yìn Màmá.

"Ìyá Alábẹ́rẹ́, ẹyọ méjì lẹ mú yẹn! Ojú ti ń ṣe yín."

"Ojú mi ò ṣe mí. Ẹnu ẹ ló ń ṣe mí létí."

"Ẹ fi kan sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó bú mi."

Màmá á sì fi kan sílẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Mo bi wọ́n nígbà kan ìdí tí wọ́n fi gbà kí obìnrin yẹn máa kígbe mọ́ wọn níwájú ọmọdé. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń rìn lẹ́yìn ẹni ni kí ènìyàn fọkàn tán. Òun nìkan ló ń rí ọwọ́ ẹni."

Ó yá, ọ̀rọ̀ olùdásílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tí gbogbo ìlú ń múra láti padà sí ìjọba alágbádá, ìwé kan hàn lára géètì ilé ìgbẹ̀bí wa: a óò wó o, a óò kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ilé kékeré ni. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, nọ́ọ̀sì méjì, igi máńgòrò kan lójúde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ nígbà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ké.

Ọ̀gbẹ́ni Dúrójayé, ọkùnrin tó ń ta bébà fún àwọn atẹ̀wé, ló pe ìpàdé àkọ́kọ́. Ojúde iléèwé ló pè é sí, ní ọ̀sán Sátidé. Ó gbọ́ òyìnbó, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú fún odindi wákàtí kan. Ènìyàn méje ló wá. Màmá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Màmá sì sùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ kan dé sí ṣẹ́ẹ̀dì, ìwé pẹlẹbẹ tó ń kọ́ ará ìlú bí a ṣe ń dìbò. Ó pọ̀ bí erùpẹ̀, àwọn tó ni ín sì ń kánjú. Ọwọ́ ò ká a. Màmá bá jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pe ẹni tó bá ń kọjá.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, wá bá mi rìn díẹ̀."

"Ẹ ń lọ síbo, Màmá?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Wá ná."

Ìyá Bọ́sẹ̀ wọlé, ó bọ́ sínú ìtò. Ẹni tó ń rìn yí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ dí, ẹnu rẹ̀ ò dí. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló sọ pé ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni òun bí ìbejì òun sí, lọ́jọ́ tí omi gba gbogbo Pedro, tí nọ́ọ̀sì ká aṣọ dé itan tó fẹsẹ̀ wọ́ omi wá bá òun. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì pupa yẹn? Òun náà ló gbẹ̀bí mi!" Ẹni kẹta sọ tirẹ̀. Ìyá kan wà tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà, Ìlàjẹ ni. Bébà tó bàjẹ́ ló wá gbà láti fi di ẹja, nítorí Màmá kì í sun bébà. Òun náà gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó bọ́ sínú ìtò, ó sì ní òun ò mọ̀ pé àwọn ará òkè náà ń bímọ síbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí òkìtì kan fi wó. Títí di ọjọ́ yẹn, kálukú rò pé ọ̀rọ̀ òun nìkan ni ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí yẹn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà yóò fi parí, ogójì ènìyàn ti rìn yí tábìlì Màmá. Iṣẹ́ tán, wọn ò tán. Wọ́n ń wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bèèrè ohun tí a máa ṣe sí ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ̀bí. Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Dúrójayé gbọ́, ó gbé àpò rẹ̀ wá, ó fi ara rẹ̀ ṣe akọ̀wé.

Èyí ni mo fẹ́ kí àbúrò mi mọ̀. Màmá ò dá a sílẹ̀. Wọ́n kàn ń wá ẹni tó máa bá wọn kó bébà ni. Nígbà tí mo béèrè bí ìpàdé Dúrójayé ṣe kó ènìyàn méje tí tábìlì wọn sì kó ogójì, wọ́n ń pa òwú ní ìda, wọn ò gbójú sókè. "Bí o bá pe ènìyàn wá gbọ́rọ̀, á ní ọwọ́ òun dí," ni wọ́n wí. "Ní kó bá ẹ gbé nǹkan. Á gbé e dé ìdajì ọ̀nà kó tó bi ẹ́ pé kí ni."

Èmi ni ẹgbẹ́ ní kí n kọ lẹ́tà ẹ̀hónú sí àwọn alágbádá tó ń bọ̀. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ ní òyìnbó, ojú ewé mẹ́jọ, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá tí mo mọ̀. Mo kà á sí etígbọ̀ọ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Màmá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Ta lo kọ ọ́ sí?"

"Ẹni tó bá wọlé ìbò ní àdúgbò wa ni, Màmá."

"Èdè wo ló fi ń ní kí ìyá rẹ̀ bu oúnjẹ fún òun?"

Mo ní òyìnbó ni wọ́n ń kà ní ọ́fíìsì. A jà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìjà tí Màmá fi èdè Ìjẹ̀bú jà, nítorí bí inú bá bí wọn gan-an, Yorùbá tí a ń sọ ní Ṣómólú kì í tó wọn. Mo borí. Báyìí, ì bá wù mí kí n má ti borí. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ ni, ọmọ kọ̀ọ̀kan ì bá lè kà á fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ì bá sì ti di ohun tí gbogbo ilé mọ̀ lórí. Nígbà tí Màmá gbà fún mi, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa tẹ̀ka sí i, ìwọ nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé."

A gba ìka. Màmá àti Ìyá Sìkírá ni wọ́n ń gbé páàdì tàdáwà kiri, láti Fádèyí dé etí ọ̀sà. Àwọn kan lè kọ orúkọ, ṣùgbọ́n Màmá ní kí gbogbo ènìyàn tẹ̀ka, kí ẹnikẹ́ni má baà ga ju ẹnì kejì lọ. Ọmọ yunifásítì kan ní Akoka fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Sìkírá fa àtàǹpàkò rẹ̀: "Mú un wá jàre, ṣé wúrà ló wà lára ẹ̀ ni?" Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ló tẹ̀ka. Fún ọ̀sẹ̀ kan, a ń fi àtàǹpàkò dúdú mọ ara wa lójú ọ̀nà.

Ibí ni a ti ṣe àṣìṣe, àṣìṣe tó jẹ́ pé àwọn adìwé nìkan ló lè ṣe é. Ẹlòmíì ì bá kó bébà yẹn pọ̀, ì bá fi wáyà gún un, ì bá gbé e lọ. Màmá àti àwọn obìnrin rẹ̀ ní ìwé ẹ̀hónú wọn ò ní jẹ́ yẹ̀yẹ́. Wọ́n ká lẹ́tà mi sí ìdì kan lọ́tọ̀ níwájú, wọ́n ká ìka àwọn ènìyàn sí ìdì mìíràn tẹ̀ lé e kó lè dùn ún wò, wọ́n gán wọn pọ̀ pẹ̀lú òwú oníìda, wọ́n fi páálí àti aṣọ pupa bò ó. Ó dà bí ìwé orin ilé ìjọsìn. Ọ̀gbẹ́ni Dúrójayé gbé e lọ, pé òun á fi jíṣẹ́ bí àwọn alágbádá bá ti gorí àga. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Màmá ṣàlàyé fún mi pé bí o bá fẹ́ yọ ìwé oníwáyà, yóò ya. Èyí tí a gán dáadáa ni ènìyàn lè tú láì fi àpá sílẹ̀. "A ṣe é dára jù," ni wọ́n wí.

Àwọn alágbádá gorí àga. Ẹni tó wọlé ní àdúgbò wa pe gbogbo wa sí gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Bàrígà láti dúpẹ́. A lọ tayọ̀tayọ̀. A wọ aṣọ ìjọsìn. Dúrójayé wà lórí pèpéle, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó na ọwọ́ sí abẹ́ tábìlì, ó gbé ìwé pupa wa sókè.

"Ẹ wo ohun táwọn ènìyàn mi fi kí mi káàbọ̀! Ọ̀ọ́dúnrún ìka! Wọ́n ní kí n bá wọn kọ́ ọjà ìgbàlódé sí ibi ilé ìgbẹ̀bí tó ti di àlòkù yẹn. Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ̀?"

Mo dìde. Mo ní irọ́ ni, pé a ò kọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wá kà á. Mo lọ kà á níwájú gbogbo ènìyàn: òyìnbó ni, ojú ewé mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ ńláńlá, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ tèmi kan níbẹ̀. Ó ṣí i sí ẹ̀yìn. "Tíṣà, ṣé ìka yín kọ́ rèé?" Ìka mi ni. Ìka gbogbo wa ni. Mo wo Dúrójayé. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Màmá bá dìde, wọ́n bẹ olóṣèlú náà kó jẹ́ kí àwọn wo ìwé náà. Ó rò pé ìyá arúgbó fẹ́ súre fún un. Màmá ò ṣí i. Wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè wá, mo sì rí i tí àtàǹpàkò yẹn dúró. Wọ́n dá a padà fún un. Wọ́n ní, "Ẹni tó gán an mọṣẹ́." Wọ́n padà wá jókòó.

Lójú ọ̀nà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. "Màmá, ẹ mọ ẹni tó tú u tó sì tún un gán."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Mi ò ní dárúkọ. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, òun lẹ máa bá jà. Ẹ ò ní rántí ẹni tó rán an níṣẹ́ mọ́."

Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Mi ò tíì mọ ẹni tí ọgbọ́n náà máa já lé lórí. Àwọn ènìyàn fẹ́ mọ ẹni tó yí lẹ́tà padà, wọ́n sì ronú bí ẹnikẹ́ni á ṣe ronú. Ta ló kọ ti àkọ́kọ́? Tíṣà. Ta ló gbọ́ òyìnbó? Tíṣà. Ta ló ní kó má jẹ́ Yorùbá? Dúrójayé tilẹ̀ sọ fún àwọn kan pé bí òun ṣe gba ìwé lọ́wọ́ mi ni òun ṣe fi jíṣẹ́.

Ohun tí Màmá wá ṣe ni àwọn ará àdúgbò fi ń rántí wọn títí dòní, kò sì sí nínú ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, gbogbo ilé tí a ti gba ìka. Mo máa ń tẹ̀ lé wọn bí iléèwé bá ti parí. Lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: "Èmi ni mo wá gba ìka yín. Wọ́n ti fi ṣe ohun tẹ́ ẹ ò rán wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Wọ́n á sì kúnlẹ̀, ìyá ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn mìíràn sáré gbé wọn dìde. Káfíńtà kan ní Pedro na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè: "Màmá, ẹ dìde jàre. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọn ò gé e lọ." Ọkùnrin kan tilẹ̀kùn mọ́ wa lójú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó lóyún oṣù méje ò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn bèèrè pé, "Níbo wá ni kí n bí i sí báyìí, Màmá?"

Létí ọ̀sà, ìyá tó ń yan ẹja ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. "Ṣé ẹ rò pé torí ilé ìgbẹ̀bí ni mo ṣe tẹ̀ka? Mo ti bímọ tán. Ẹ̀yin lẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́." A délé, Màmá jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n wá ní, "O gbọ́ ọ? Èmi ni wọ́n tẹ̀ka fún. Èmi náà ni àwọn yẹn sì fi tà wọ́n."

Gbogbo ẹnu ọ̀nà yẹn ni ojú àwọn ènìyàn ti ń fò kọjá orí Màmá tí wọ́n kúnlẹ̀, wá bà lé mi. Màmá ń rí i. Wọn ò sọ pé kì í ṣe èmi. Ilé kan ṣoṣo la ò yà, ilé Ìyá Sìkírá. Mo rò pé nítorí pé wọ́n jọ gba ìka náà ni.

Wọ́n wó ilé ìgbẹ̀bí kí ọdún tó yí po. Wọ́n gé igi máńgòrò. Mélòó kan nínú àwọn tó bá wa rìn yí tábìlì gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, títí kan Sìkírá, ọmọ Ìyá Sìkírá, tó gba ìkejì sí géètì. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ rò ó sí nǹkan kan. Ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tí mo kíyè sí lọ́dún yẹn ni pé Màmá ò ṣíwájú mọ́ nídìí tábìlì. Ìyá Sìkírá ló ń ṣíwájú, Màmá ń tẹ̀ lé wọn. Mo rò pé orúnkún ló ń dun Màmá.

Ọ̀dọ́mọbìnrin olóyún yẹn bí ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ aládùúgbò kan, ní Fádèyí, kí wọ́n tó dé ọsibítù. Ọmọ náà yè. Nígbà tó yá, kíláàsì mi ló wọ̀. Ìyá rẹ̀ mú un wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó kí mi dáadáa, ó wò mí títí.

"Tíṣà, mi ò bínú mọ́ o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ yí lẹ́tà yẹn padà lóòótọ́?"

Mo ní kì í ṣe èmi. Ó ní, "Ó dáa, mà," bí a ṣe ń dá ẹni tí a ò gbà gbọ́ lóhùn.

Mo délé, mo sọ fún Màmá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nítorí mi, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń so kókó òwú. Wọ́n fi eyín gé e. "Ó máa kọjá, Àjọkẹ́." Kò kọjá. Ó kàn gbó ni.

Màmá lọ ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, mo ṣí àpótí tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí. Nísàlẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ àwọn òwú, mo rí bébà tí wọ́n ká sí ìdì kan. Ojú ewé mẹ́jọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ihò abẹ́rẹ́ márùn-ún wà níbi tí wọ́n ká a, bí ojú èèrà.

Ìyá Sìkírá wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ti di arúgbó, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí àwọn mìíràn lọ, mo gbé bébà náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ọwọ́ òsì pa á lára, wọ́n bá ihò rẹ̀, ọwọ́ wọn sì dúró.

"Màmá yín pa á mọ́," ni wọ́n wí.

"Báwo ló ṣe dé ọwọ́ Màmá?"

"Èmi ni mo gbé e fún wọn, lọ́jọ́ tí wọ́n wó ilé yẹn. Dúrójayé ní kí n sun ún. Mi ò lè sun bébà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ní òyìnbó Tíṣà ò dáa, pé wọ́n ti tún un kọ. Ó tún ní ṣọ́ọ̀bù kan wà fún Sìkírá. Ẹni tó ń tún òyìnbó ṣe, ṣé ó ń pín ṣọ́ọ̀bù? Mo mọ̀, Tíṣà. Mi ò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Màmá yín náà ti mọ̀ láti gbọ̀ngàn pé èmi ni mo tú u tí mo tún un gán. Òsì ni kókó òwú mi máa ń dojú kọ."

"Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè mí ní gbogbo ọdún yẹn."

"Mo gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nítorí yín. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní, 'Wọ́n á lé ọ kúrò ní àdúgbò. Àjọkẹ́ lágbára jù ọ́ lọ. Òun á lè rù ú.'"

Mo jókòó. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń rò pé Màmá ò mọ bí ẹrù yẹn ṣe wúwo tó. Wọ́n mọ̀. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n wo èmi, wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì gbé e rù mí. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn. Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọn lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọn ò bi mí léèrè. Mo fẹ́ràn wọn, mo sì ń kọ èyí pẹ̀lú ìbínú. Kí àbúrò mi fi méjèèjì sínú ìwé rẹ̀ bó bá tún un tẹ̀.

"Ṣé Màmá dárí jì yín?" ni mo bèèrè.

Ìyá Sìkírá mi orí. "Mi ò mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé bébà yẹn fún wọn. Wọ́n ní kí n dìde, pé iṣẹ́ wà lórí tábìlì. Bí mo ṣe fẹ́ bọ́ sẹ́yìn wọn bí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tì mí síwájú. Wọ́n ní, 'Láti òní lọ, iwájú mi ni kí o máa rìn, kí n lè máa rí ọwọ́ ẹ.'"

Ìwé ètò ìsìnkú wà lórí tábìlì. Mo mú un, mo fi ọ̀bẹ yọ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kó o pọ̀ mọ́ lẹ́tà mi. Ìyá Sìkírá gbọ́ ìró bébà, ọwọ́ òsì wọn sì ti ń wá nǹkan kiri lórí tábìlì.

"Ṣé kí n bá yín gán an?"

Mo pa òwú ní ìda, mo fi í sójú abẹ́rẹ́, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo lọ dúró sẹ́yìn wọn, mo ń wo ọwọ́ wọn.